Igi Wà ní J4, Ẹ̀rọ Wà ní Iwopin: Ta Ni Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Pàdé?

Ọ̀rọ̀ pépà la gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe pépà nìkan. Ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kí ẹ tó bínú sí wa.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mẹ́ta nínú àwa tí a ń kọ búlọ́ọ̀gì yìí wà ní Abigi. A lọ tẹ próójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá ẹnì kan nínú wa ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà dá owó lé e, a ní ó ti wọ́n jù. Màmá ò bá wa jà. Wọ́n kàn gbé páálí pépà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já sókè, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wò ó, ṣé èmi ni mo ṣe é ni?" A wo ara páálí náà. Indonesia ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa. Abigi ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà, ní Iwopin létí ọ̀sà, ilé-iṣẹ́ pépà ńlá kan wà níbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀. Pépà funfun tí a fi ń tẹ ìwé gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ. Igi tí wọ́n fẹ́ máa fi ṣe é, wọ́n gbìn ín sínú igbó ọba Omo, ní apá tí gbogbo ayé mọ̀ sí J4, tí kò jìnnà sí wa. Omi ń bẹ níwájú ilé-iṣẹ́ náà, igi ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ ń bẹ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, láti òdìkejì ayé ni pépà ti wọkọ̀ ojú omi wá bá wa ní Abigi.

Bí a bá béèrè ohun tó fà á lọ́wọ́ àwọn àgbà, ìdáhùn mẹ́ta ló máa ń jáde: owó ò sí, iná ò sí, ìjọba ò dára. Àwa ò sọ pé irọ́ ni. Ohun tí à ń sọ ni pé ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tó, àti pé bí a bá ń bá a lọ láti máa gbà wọ́n gbọ́ nìkan, ilé-iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n bá tún kọ́ ságbègbè wa yóò kú irú ikú kan náà. Iwopin kú nítorí pé ìmọ̀ tó yẹ kó jókòó sí tábìlì kan ṣoṣo kò jókòó pọ̀ rí. Bí wọ́n sì ṣe ń kọ́ àwa náà ní yunifásítì nìyẹn títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970 tí owó epo ń wọlé wọ̀ọ̀, ìjọba àpapọ̀ pinnu pé Nàìjíríà gbọ́dọ̀ máa ṣe pépà tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n pín iṣẹ́ náà fún. Ti Jebba ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1969. Pépà líle tí a fi ń ṣe àpò sìmẹ́ńtì àti páálí ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ti Oku-Iboku, ní ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom lónìí, pépà ìwé ìròyìn ni tirẹ̀. Iwopin ni wọ́n gbé pépà dáadáa lé lọ́wọ́, ìyẹn pépà ìwé kíkà, ìwé àkọsílẹ̀ àti ìwé ìdánwò. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Báǹkì Àgbáyé yá orílẹ̀-èdè wa lówó láti gbin igbó igi, J4 sì wà lára ibi tí wọ́n gbìn ín sí. Gmelina ni igi náà, igi tó wá láti ilẹ̀ Éṣíà, tó máa ń yára dàgbà. Kò ju nǹkan bí ọdún méje sí mẹ́wàá lọ tó fi máa ń tó gé fún pépà.

Igi ń dàgbà, ilé-iṣẹ́ ò parí. Owó epo já wálẹ̀, iṣẹ́ ìkọ́lé fà nílẹ̀ lọ́dún mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́wàá. Igi kì í dúró de ìjọba. Nígbà tí ẹ̀rọ Iwopin tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú àwọn ọdún 1990, kò pẹ́ tó tún fi dá wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ìjọba fẹ́ fà á lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Títí di ìgbà tí à ń kọ èyí, a kò tíì rí páálí pépà kan tí wọ́n kọ Iwopin sí lára ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Ẹ lọ sí J4 lónìí, ẹ ó rí àwọn agégi, ẹ ó rí oko kòkó. Igi tí wọ́n gbìn kó lè di ìwé di pákó.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé yín, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí igi ṣe ń di pépà, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ náà wà.

Igi kún fún fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí dáadáa. Ohun kan bí àtè tí wọ́n ń pè ní lignin ló lẹ àwọn fọ́nrán náà pọ̀. Láti ṣe pépà, wọ́n á gé igi wẹ́wẹ́, wọ́n á da caustic soda àti kẹ́míkà mìíràn lé e, wọ́n á sì sè é nínú ìkòkò ńlá onírin tí wọ́n dé pa, títí ooru rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí 170 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àtè náà á yọ́ sínú omi, fọ́nrán á sì ṣẹ́ kù, rírọ̀ bí ògì. Pulp ni wọ́n ń pe ìyẹn. Omi dúdú tó bá ṣẹ́ kù kì í ṣe ìdọ̀tí o. Wọ́n á dáná sun ún, iná rẹ̀ á fún wọn ní èéfín omi tó ń yí ẹ̀rọ iná mànàmáná, kẹ́míkà tí wọ́n fi sè é ní àkọ́kọ́ á sì tún padà sọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọ pulp náà, wọ́n á mú kó funfun, wọ́n á pò ó mọ́ omi púpọ̀, wọ́n á sì tú u sórí asẹ́ gbọọrọ kí omi lè ro dànù, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó yan án gbẹ.

Ẹ ka iye ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn. Onímọ̀ igbó ló mọ igi. Onímọ̀ kẹ́mísìrì ló mọ bí a ṣe ń sè é. Ẹnjiníà ló mọ ìkòkò àti asẹ́. Onímọ̀ omi ló mọ ohun tí ọ̀sà lè gbà àti ohun tí yóò pa ẹja inú rẹ̀. Oníṣirò owó ló mọ ìgbà tí owó yóò wọlé. Ẹni tó mọ ọjà ló mọ irú pépà tí àwọn onítẹ̀wé ń wá. Kò sí ọ̀kan tó lè dá a ṣe nínú wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ìṣòro kan wà tó fi èyí hàn gbangba. Fọ́nrán gmelina kúrú, kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Fọ́nrán igi pine ti àwọn ilẹ̀ olótùútù gùn tó bí ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Fọ́nrán tó gùn ló ń mú kí pépà lágbára, kó má máa ya. Nítorí náà, àwọn ilé-iṣẹ́ pépà wa gbára lé pulp ọlọ́fọ́nrán gígùn tí wọ́n ń fi owó ilẹ̀ òkèèrè rà wá. Lọ́jọ́ tí dọ́là di ọ̀wọ́n, iṣẹ́ dúró.

Ìbéèrè wá ni pé: báwo la ṣe lè fi igi ọlọ́fọ́nrán kúkúrú tiwa ṣe pépà tó dára láìra tòkèèrè? Ta ló ni ìbéèrè yẹn? Bí ẹ bá bi onímọ̀ igbó, yóò ní, "Wọ́n ní kí n gbin igi, mo ti gbìn ín." Onímọ̀ kẹ́mísìrì yóò ní, "Igi tí wọ́n bá gbé fún mi ni mo máa sè." Ẹnjiníà yóò ní, "Bí ìwé ẹ̀rọ ṣe sọ ni mo ṣe é." Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n àárín wọn ni ìbéèrè náà ṣubú sí, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mú un.

Ẹ má sọ pé ìbéèrè náà kò ní ìdáhùn. Àwọn ará Brazil dáhùn rẹ̀, wọn kò sì ní igi tó yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwa. Eucalyptus ni tiwọn, fọ́nrán òun náà kúrú. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà nínú iṣẹ́ pépà gbà pé igi bẹ́ẹ̀ kò lè dá pépà gidi ṣe. Ní àwọn ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Suzano, tí ìdílé Feffer dá sílẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Florida ní Amẹ́ríkà. Oníṣòwò, onímọ̀ kẹ́mísìrì àti onímọ̀ igi jọ sè é, wọ́n jọ tẹ̀ ẹ́, wọ́n jọ kùnà, wọ́n tún un ṣe. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń ṣe pépà tó jẹ́ eucalyptus pọ́ńbélé.

Ilé-iṣẹ́ kejì, Aracruz, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pulp ní ọdún 1978. Ohun tí àwọn yẹn ṣe ni pé wọn ò ya oko igi sọ́tọ̀ kúrò lára ìkòkò ìsègi. Wọ́n wá àwọn igi tó dára jù nínú oko, èyí tó ga, tí àrùn ò mú, tí inú rẹ̀ sì ń fún wọn ní pulp púpọ̀. Wọ́n gé ẹ̀ka wọn, wọ́n mú un ta gbòǹgbò, wọ́n sì fi irú igi kan náà kún oko. Àwọn tó ń sè é ló ń sọ fún àwọn tó ń gbìn ín irú igi tí àwọn ń fẹ́. Àwọn tó ń gbìn ín ló ń sọ fún àwọn tó ń sè é ohun tí ilẹ̀ lè mú jáde. Ní ọdún 1984, wọ́n fi ẹ̀bùn Marcus Wallenberg dá àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ náà lọ́lá nítorí iṣẹ́ yìí. Lónìí, Suzano àti ohun tó ṣẹ́ kù nínú Aracruz ti di ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tó ń ta pulp jù wọ́n lọ láyé.

Ẹ ó ní owó ni. A ti mọ̀ pé ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn kejì, láti Brazil kan náà.

Ní ọdún 1967, Daniel Ludwig, ọ̀kan nínú àwọn tó lówó jù láyé nígbà náà, ra ilẹ̀ rẹpẹtẹ sí etí odò Jari nínú igbó Amazon. Gmelina ló gbìn síbẹ̀, irú igi J4 gan-an. Ó ní kí wọ́n kan odindi ilé-iṣẹ́ pulp ní Japan, ó sì ní kí wọ́n fi ọkọ̀ fà á lórí òkun títí dé Brazil. Ọdún 1978 ló gúnlẹ̀, ọdún kan náà tí Aracruz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó wà. Ẹ̀rọ wà, ó tilẹ̀ wá pẹ̀lú ilé iná mànàmáná tirẹ̀. Ṣùgbọ́n apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà jẹ́ oníyanrìn, gmelina ò sì ṣe dáadáa níbẹ̀. Wọ́n ti gbin igi kí ọ̀rọ̀ onímọ̀ ilẹ̀ tó wọ̀ wọ́n létí. Ní ọdún 1982, Ludwig fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó tà á fún àwọn ará Brazil, ó sì gba àdánù ńlá.

Ọdún kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà, òwò kan náà. Ọ̀kan ní owó tó lè ra ilé-iṣẹ́ gba orí òkun wá. Èkejì ní àwọn onímọ̀ tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún wa èwo ló borí.

Àwọn tó kàwé nípa okòwò nínú wa mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Joseph Schumpeter ti sọ ọ́ láti ọdún 1911 pé ohun tuntun inú òwò kì í já bọ́ láti ọ̀run. Ohun tó ti wà nílẹ̀ ni ẹnì kan tún pò pọ̀ lọ́nà mìíràn. Ní 1990, Cohen àti Levinthal fi kún un pé ilé-iṣẹ́ tí kò bá ní ìmọ̀ tirẹ̀ nílẹ̀ kò lè mọ ìwúlò ìmọ̀ tó wá láti ìta, ká má tiẹ̀ tíì sọ pé kó lò ó. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá ra ẹ̀rọ láìní ẹni tó lóye rẹ̀, irin lásán lẹ rà. A ń ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún ìdánwò, a ń gba máàkì, a sì ń gbàgbé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ṣe ìdánwò tán.

Èyí tó dùn wá jù ni pé àwọn ìyá wa ò nílò Schumpeter kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ẹ wo adìrẹ ẹlẹ́kọ ti Abẹ́òkúta, nínú ìpínlẹ̀ wa níbí. Aṣọ funfun tí wọ́n ń pè ní tẹ́rù wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlú wá láti oko. Omi eérú tó ń mú kí aró jẹ, ọgbọ́n aláró ni. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya ara aṣọ kí aró má bàa wọ ibẹ̀, láti ara ẹ̀gẹ́ ni, ọgbọ́n ìdí ààrò. Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin mú páànù, wọ́n gé àwòrán sí i lára, wọ́n ń fi ẹ̀kọ kùn ún gba ojú páànù sára aṣọ, iṣẹ́ tó ń gba ọjọ́ púpọ̀ sì di iṣẹ́ wákàtí mélòó kan. Oníṣòwò, àgbẹ̀, aláró, onípáànù: ọgbọ́n mẹ́rin lórí ìró kan. Kò sí ẹni tó sọ fún aláró pé ọ̀rọ̀ páànù kì í ṣe ti ẹ̀ka rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè ní ọ̀rọ̀ pépà àti aṣọ ti di tàtijọ́, ayé kọ̀ǹpútà la wà. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀. Àwọn tó dá Paystack sílẹ̀ ní ọdún 2015, ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ni wọ́n ti kàwé, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà rà á, iye tí gbogbo ayé gbọ́ sì ju igba mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé kọ́ọ̀dù nìkan ni. Bí ó bá jẹ́ kọ́ọ̀dù nìkan ni, mélòó nínú yín ni kò lè kọ ọ́? Òfin báǹkì wà níbẹ̀, ọgbọ́n mímú ọ̀lẹ̀lẹ̀ àwọn oníjìbìtì wà níbẹ̀, mímọ ohun tó ń dun oníṣòwò kékeré wà níbẹ̀. Àpapọ̀ wọn ni wọ́n rà.

Ó wá ku àwa. Kí ni wọ́n ń ṣe fún wa nílé-ìwé?

Ọ̀kan nínú wa ń ka kẹ́mísìrì ní ilé-ìwé kan tí a kò ní dárúkọ. Ọmọ etí omi ni. Ó rí bí koríko tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, tó wọ àwọn ọ̀sà wa láti nǹkan bí ọdún 1984, ṣe ń dí ọ̀nà ọkọ̀ àwọn apẹja. Ó ní òun fẹ́ fi koríko náà dán pulp ṣíṣe wò fún próójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ka ìmọ̀ igbó. Èsì tí wọ́n fún un ni pé èyí kì í ṣe kẹ́mísìrì pọ́ńbélé, àti pé ènìyàn méjì láti ẹ̀ka méjì kò lè kọ próójẹ́ẹ̀tì kan, torí pé kò sí fọ́ọ̀mù fún un. Kò sí fọ́ọ̀mù! Wọ́n ní kó lọ mú àkòrí tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó mú un, wọ́n fún un ní A. Ìwé náà ni a lọ tẹ̀ ní Abigi lọ́jọ́ yẹn, lórí pépà Indonesia.

Ẹ wo agbègbè wa dáadáa. Yunifásítì Olabisi Onabanjo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1982, wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ṣùgbọ́n àwọn ẹnjiníà rẹ̀ wà ní Ìbògùn, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ wà ní Ayétòrò, àwọn oníṣègùn rẹ̀ wà ní Ṣàgámù. Ó ní àǹfààní fún àwọn ìlú wọ̀nyẹn, a ò sọ pé kí wọ́n kó wọn kúrò. Pólì Abraham Adesanya wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ilé ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1954, ilé ìwádìí iṣẹ́ ẹ̀rọ sì wà ní Òṣòdì láti ọdún 1956, àwọn kan níbẹ̀ sì ń ṣe ìwádìí lórí pulp àti pépà. Bí ènìyàn bá jí ní òwúrọ̀, ó lè dé gbogbo ibi wọ̀nyí láàárín ọjọ́ méjì. Kò sí ìmọ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ pépà ń fẹ́ tí kò sí nítòsí wa. Igi kan kì í dá igbó ṣe, àbí? Àwa ní gbogbo igi, a ò ní igbó.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti jáde sọ fún wa pé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ gba kí ènìyàn dúró síbi kan, pé ẹni tó bá ń lé eku méjì yóò pòfo. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. A ò fẹ́ kí onímọ̀ kẹ́mísìrì di onímọ̀ igbó. Bí gbogbo wa bá mọ díẹ̀díẹ̀ nípa ohun gbogbo, kò ní sí ohun tí a ó dà pọ̀. Kí olúkúlùkù mọ tirẹ̀ dójú àmì, ṣùgbọ́n kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ èdè ẹni tó jókòó tì í. Lílé eku méjì yàtọ̀ sí kí ọdẹ méjì lé eku kan. Ẹ̀kejì ni à ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Kí ló dé tí a fi ń pariwo rẹ̀ nísinsìnyí? Nítorí Olokola. Láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti ń sọ pé wọn yóò ṣe èbúté ńlá àti ọgbà òwò sí etí òkun Ogun Waterside àti Ìlàjẹ. Iṣẹ́ gáàsì tí wọ́n fẹ́ ṣe síbẹ̀ nígbà kan fọ́ yángá, àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè kó ẹrù wọn lọ. Ní ọdún 2025, Aliko Dangote tún sọ fáyé pé òun fẹ́ kọ́ èbúté síbẹ̀. Àwọn ènìyàn wa ti ń jó. A ò ní kí wọ́n má jó. Ṣùgbọ́n bí èbúté bá dé tí ohun tí a ní láti fún un kò ju ilẹ̀, gáàdì àti dírẹ́bà lọ, Iwopin kejì nìyẹn. Bí ilé-iṣẹ́ náà ò tilẹ̀ kú, lójú wa ni yóò máa jókòó bí àlejò tí kò gbọ́ èdè wa, tí àwa náà ò gbọ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí à ń béèrè nìyí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ ṣe fọ́ọ̀mù náà. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ láti ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta lè jọ ṣe próójẹ́ẹ̀tì kan, kí olúkúlùkù kọ apá tirẹ̀, kí ẹ sì fún olúkúlùkù ní máàkì tirẹ̀. Kò gba ilé tuntun, kò gba ẹ̀rọ. Bébà kan ni.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, a dúpẹ́ fún ẹ̀bùn tí ẹ máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe dáadáa jù ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ̀kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tó bá jọ wá ojútùú sí ìṣòro kan ní Waterside, tí wọ́n sì wá láti ẹ̀ka tó ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ńlá, ẹ máa gba méjì-méjì nínú wa fún ìkọ́ṣẹ́, ẹnjiníà pẹ̀lú oníṣirò owó, onímọ̀ ohun ọ̀gbìn pẹ̀lú oníkọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin ọba àti olóyè agbègbè wa, ẹ̀yin aṣojú wa, kábíyèsí o, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kankan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí a kì í sábà bi wọ́n: láàbù yín ńkọ́, àwọn wo ló máa wà nínú rẹ̀, mélòó ni yóò jẹ́ ọmọ wa? Bí wọn ò bá ní láàbù, ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ lásán ni wọ́n ń gbé bọ̀.

Àwa náà kò ní jókòó. Márùn-ún nínú wa láti ilé-ìwé mẹ́ta ti mú koríko ojú omi yẹn, a ti gé e, a ti fi omi eérú sè é nínú ìkòkò ní ẹ̀yìnkùlé. Pépà àkọ́kọ́ tí a ṣe fọ́ lọ́wọ́ wa bí àkàrà àná. Onímọ̀ kẹ́mísìrì wa ní a ò sè é pẹ́ tó. Ẹni tó ń ka ẹnjiníà ní asẹ́ wa ò dára. Ìyá ọ̀kan nínú wa, tó ń ṣe ẹ̀gẹ́, tó kàn ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà, ló ní, "Ṣé ẹ ò lè po sítáàṣì díẹ̀ mọ́ ọn ni, kó lè di ara mú?" A pò ó mọ́ ọn. Èkejì ò fọ́. Ó burẹ́wà, ó pọ́n bí omi ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n a kọ orúkọ márààrún wa sí i, a sì kọ ti màmá náà kẹfà.

Pépà yẹn wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kó wá. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. A ti jìyà tiwa tó.